Níbo Ni Ìtàn Ilé Yìí Ti Bẹ̀rẹ̀? Àkọsílẹ̀ Ìjà Ilé Ẹbí Kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lẹ́yìn Ìdúmọ̀tà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri rẹ̀ pé kì í ṣe títà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Ọ̀dà pupa tún padà. Ẹni tó bá gba àdúgbò náà kọjá ti mọ̀ pé ẹbí ń jà, torí pé ní Èkó, ara ògiri ni àwọn ẹbí tí kò yọjú síra wọn mọ́ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà ni wọ́n ké sí. Iṣẹ́ wa ni kí a bá ẹbí yẹ ìwé ilé wọn wò, kí a bá wọn jókòó, kí ọ̀rọ̀ má baà di ti kóòtù. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ẹbí náà mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ àti ohun tó mú un lọ bẹ́ẹ̀ ni n kò yí.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ jẹ́ oníṣòwò epo pupa láyé Ọba Dòsùnmú. Ìyàwó mẹ́rin ló bímọ fún un, ìdí mẹ́rin ni ẹbí náà sì pín sí títí dòní. Nígbà tó kú, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyàwó àkọ́fẹ́, di dáwódù. Lọ́dún 1868, nígbà tí ìjọba òyìnbó ń fún àwọn ará Èkó ní ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Crown Grant, orúkọ dáwódù yìí nìkan ló wọ inú ìwé. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí kì í ṣe ti ìgbà náà. Wọ́n ti wó o, wọ́n ti tún un kọ́. Àwọn aláṣọ àtàwọn tó ń ta ṣájà fóònù ló háyà ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ ẹbí ń gbé òkè. Ilé kékeré kan tún wà lẹ́yìn, mo máa dé orí ìyẹn.

Dẹfẹ́lọ́pà kan dé, ó fẹ́ wó gbogbo rẹ̀ kó fi pláásà rọ́pò. Kò lọ bá olórí ẹbí. Ọkùnrin kan láti ìdí kìíní, tó ń ṣòwò ní Ìdúmọ̀tà níbẹ̀ náà, ló bá dúnàádúrà. Ọkùnrin náà gba owó ìṣáájú lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan wá C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí. Ọjọ́ tí sọ̀fíyọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọ àgbàlá ni àwọn yòókù tó mọ̀.

Olórí ẹbí, bàbá àgbà kan láti ìdí kejì, pe ìpàdé. Wọn ò tíì ṣe àmín àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán tí ohùn fi ròkè. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdí kọ̀ọ̀kan gba lọ́yà tirẹ̀, lẹ́tà sì ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀. Lẹ́tà tó dáa ni gbogbo wọn, wọ́n tọ́ka sí òfin, wọ́n dá ọjọ́ fún ara wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó dáhùn ohun tí èkejì sọ. Nígbà tí a tò wọ́n sórí tábìlì kan náà ni ìdí rẹ̀ hàn: oníkálukú bẹ̀rẹ̀ ìtàn ilé náà láti ọdún tó wù ú.

Fún ìdí kìíní, 1868 ni ayé bẹ̀rẹ̀. Ọbabìnrin òyìnbó ló ni gbogbo ilẹ̀ Èkó nígbà náà, ó fún bàbá àwọn, ó parí. Ọmọ ìdí kejì kan tó jẹ́ lọ́yà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1921, ọdún tí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, dá ẹjọ́ Olóyè Olúwa. Ó ní ẹjọ́ náà ti sọ gbogbo Crown Grant di bébà lásán. Ọkùnrin tó gba owó dẹfẹ́lọ́pà kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ti ayé àtijọ́ rárá. Ìjọba ti gba gbogbo ilẹ̀ lọ́dún 1978, ó ní, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba C of O ló nilé. Àlájà kan láti ìdí kẹta, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló padà sẹ́yìn jù. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìbọn ọkọ̀ òyìnbó ló kọ́kọ́ dún kí ìwé tó dé."

A kò bá wọn jiyàn ta ló nilé. Ohun tí a bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n jẹ́ kí a to àwọn ọdún wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn, láti ìbọn Àlájà títí dé C of O, kí a sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè pé: kí ló gbé ọ wá, kí lo yí padà, kí lo fi sílẹ̀ bó ṣe wà? Ìbéèrè kẹta yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọjọ́ ńlá nínú ìtàn orílẹ̀-èdè máa ń nu ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ nù ni. Lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó nu ohunkóhun nù tán.

A bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Àlájà wí. Ìparí oṣù Kejìlá 1851 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, ogun tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Agídìngbì. Wọ́n lé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó ìgbà náà, jáde, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ sì forí lé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n dá Akitóyè padà sórí oyè, ó sì fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú wọn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852. Òwò ẹrú ni wọ́n ní àwọn wá fòpin sí. Òwò epo àti ẹni tí yóò máa pàṣẹ ní èbúté náà wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Akitóyè wàjà lọ́dún 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú gorí ìtẹ́. Láàárín gbogbo rúkèrúdò yẹn, bí ènìyàn ṣe ń rí ilẹ̀ kọ́lé sí kò yí padà. Ọba ló ni ìlú, ṣùgbọ́n àwọn Ìdẹ̀jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun bí Olúwa, Olóto, Àrómirẹ́ àti Oníru, ló ni ilẹ̀. Ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn ni baba ńlá ẹbí yìí ti gba ibi tó kọ́lé sí. Àwọn ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà bẹ́ẹ̀, àní ìdí kìíní pàápàá. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti ìgbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Ọdún 1861 ni a dúró sí pẹ́ jù, torí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ìdí kìíní wà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi èbúté àti erékùṣù Èkó lé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Prometheus ti gúnlẹ̀ sínú ọ̀sà, McCoskry tó ń delé fún kọ́ńsúlù àti Bedingfield ọ̀gá ọkọ̀ sì ti jẹ́ kí ọba mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá kọ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ èyí. Ohun tí àwọn ẹbí tó ń jà kì í kà ni ìpín kejì àti ìkẹta àdéhùn náà. Ìkejì sọ pé Dòsùnmú ṣì lè máa jẹ́ orúkọ ọba, pé ó lè máa parí ìjà àwọn ọmọ ìbílẹ̀ bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìkẹta wá sọ pé bí ilẹ̀ bá ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, òǹtẹ̀ Dòsùnmú lára ìwé náà ni ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìbílẹ̀ mìíràn tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ọ̀hún.

Mo ka apá yẹn fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ pé Ọbabìnrin ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ yẹn, kí ni wọ́n tún ń wá òǹtẹ̀ fún, tí wọ́n ní kó fi hàn pé kò sí ọmọ ìbílẹ̀ tó lẹ́tọ̀ọ́? Àdéhùn náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé àwọn èèyàn nilẹ̀. Àwọn Ìdẹ̀jọ kúkú ti pariwo nígbà náà pé Dòsùnmú kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìdí kìíní bi wá pé, "Ẹ̀yin bọ̀dá, ṣé irọ́ ni wọ́n wá kọ sínú ìwé bàbá wa ni?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká dá a lóhùn dáadáa.

Kì í ṣe irọ́. Nígbà tí ìjọba òyìnbó jókòó tán, wọ́n fẹ́ kí ilẹ̀ Èkó di ohun tí oníṣòwò lè rà, tó lè tà, tó lè fi yáwó. Lọ́dún 1863 wọ́n ṣòfin tó yan àwọn kọmíṣọ́nà láti wádìí àwọn tó ni ilẹ̀ ní tòótọ́. Ìgbà Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, ẹni tí àwọn ará Èkó sọ di Ọba Gólóbà, ni ìwé náà pọ̀ jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ jáde. Ìwé ọ̀hún fẹ́ orúkọ ẹnìkan. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ń wá onílé, ilé Èkó sì jẹ́ ti òkú, ti alààyè àti ti ọmọ tí a kò tíì bí. Ta ló máa lọ dúró níwájú kọmíṣọ́nà? Dáwódù náà ni. Bí orúkọ ẹni tí ẹbí rán lọ gbẹrù ní Àpápá ṣe máa ń wà lára ìwé ẹrù ni orúkọ tirẹ̀ náà ṣe wà níbẹ̀.

Ìdí kẹta àti ìkẹrin pàtẹ́wọ́. A ní kí wọ́n rọra. Kì í ṣe gbogbo Crown Grant ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ Sàró àti Àgùdà, àwọn tó padà dé láti Sierra Leone àti Brazil, àti ọmọ Èkó pẹ̀lú, gba tiwọn fún ara wọn, wọ́n tà á, wọ́n fi gba ọjà àwìn, ilé ẹjọ́ sì kà á sí tiwọn. Ìwé 1868 nìkan kò lè sọ irú èyí tí tiwọn jẹ́. Ohun tí ẹbí ṣe pẹ̀lú ilé lẹ́yìn tí ìwé dé ló máa sọ ọ́, ìyẹn la sì lọ wá.

Ohun tí a kọ́kọ́ rí níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí kò bá ẹgbẹ́ tó ń pàtẹ́wọ́ lára mu. Láàárín ọdún 1880 sí 1890, dáwódù fi ilé náà dúró fún gbèsè lọ́dọ̀ oníṣòwò kan. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìgbà náà kò ní yà á lẹ́nu. Ogun Kírìjì ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1877, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ń ti ọ̀nà, epo kò dé etí òkun dáadáa, àwọn alágbàtà Èkó tó ti gbọjà òyìnbó láwìn kò sì rí ohun san. Ìwé ilẹ̀ tí ìjọba fi ṣe oore fún wọn lọ́jọ́sí ni àwọn olówó wá ń fà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló lọ bẹ́ẹ̀. Ìdí kìíní gbé ìwé náà sókè: ẹni tí kò nilé kò lè fi í yáwó, ó dá dúró, òun nìkan ló fọwọ́ sí i. Ní ti òfin, ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́yà ìdí kejì bẹ̀ wá pé kí a má tíì fi ìwé yẹn han gbogbo ènìyàn. A fi hàn. Bí a bá fi ìwé kan pamọ́ nítorí pé kò gbe ẹgbẹ́ kan, kò sẹ́ni tó máa gba èyí tó kù gbọ́ lọ́wọ́ wa.

Lọ́yà yẹn wá gbára lé 1921. Ẹjọ́ ọ̀hún lágbára lóòótọ́. Ìjọba gba ilẹ̀ Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ní Àpápá, wọ́n sì fẹ́ sanwó fún un bíi pé kì í ṣe onílẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Viscount Haldane àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a pé àdéhùn 1861 kò gba ohun ìní àwọn ará Èkó lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín ìjọba àti olóyè tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ ni wọ́n dá. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà láàárín dáwódù àtàwọn àbúrò rẹ̀. Ó ti ọ̀rọ̀ ìdí kìíní nípa Ọbabìnrin dànù pátápátá, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí. Ìdí kìíní ní ìwé 1868 àti ìwé gbèsè; àwọn yòókù ní ìtàn. Bó bá jẹ́ kóòtù ni, mo gbà pé ìdí kìíní ì bá borí lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó yí i padà, kò sẹ́ni tó wá a. A ń bọ̀ sórí àwọn ọdún 1950. Àjàkálẹ̀ àrùn eku wọ Èkó lọ́dún 1924, òun ló sì fà á tí ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ lọ́dún 1928 láti tún ìlú tò. Láti 1955, bí òmìnira ṣe ń súnmọ́, LEDB kọjú sí àárín erékùṣù: àádọ́rin éékà ni wọ́n fẹ́ wó, kí olú-ìlú orílẹ̀-èdè tuntun má baà rí jágbajàgba lójú àlejò. Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn, ọ̀pọ̀ bá ara wọn ní Surulere, níbi tí iná àti omi wà, tí ọjà àti mọ̀lẹ́bí kò sí. Ilé ẹbí yìí yè é, àmọ́ wọ́n gé díẹ̀ lára ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì sanwó rẹ̀. Bí a ṣe dárúkọ owó yẹn ni ẹnìkan láti ìdí kẹrin kùn sábẹ́ èémí pé, "Owó tí ìyá wọn jẹ."

Ọmọ obìnrin tí wọ́n ń bá wí wà níbẹ̀. Ìdí kìíní ni, ó ti lé láàádọ́rin ọdún. Ìyá rẹ̀ ló ń gba owó ilé fún ẹbí láyé ọjọ́un, láti ìgbà náà sì ni wọ́n ti ń fi owó LEDB bú u lẹ́yìn. Kò fèsì. Nígbà tí a tún pàdé, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ olójú ìlà kan wá, èyí tó nípọn, tí wọ́n fi aṣọ rán ẹ̀yìn rẹ̀. Owó ilé oṣooṣù, owó páànù, owó ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ ní ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá rẹ̀. Ó ṣí i sí ojú ewé owó LEDB, ó ní kí a kà á sókè kí ayé gbọ́ pé ìyá òun kò jẹ kọ́bọ̀.

Òótọ́ ni, kò jẹ kọ́bọ̀. Wọ́n pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́rin tó dọ́gba. Ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ ìka. Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ni àgbà ìdí kìíní ìgbà náà, bàbá àgbà obìnrin yìí gan-an. Ó gba ìdá mẹ́rin kan, kò sì kọ ọ̀rọ̀ àtakò kankan sílẹ̀. Ní ojú ewé mìíràn, níbi tí ìyá náà ti ń to àwọn ìwé ilé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ "ìwé ìràpadà" àti ọdún rẹ̀. A tún padà lọ wá a, ọdún yẹn sì ló jẹ́ ká rí i: ìwé tí oníṣòwò náà fi yọ̀ǹda ilé nígbà tí wọ́n san gbèsè tán. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọ olóògbé ló san án, ó dárúkọ wọn. Orúkọ tí owó tó pọ̀ jù wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ti ọmọbìnrin kan láti ìdí kẹta.

Ìyẹn ṣì wà níwájú. Ní ọjọ́ ìwé olójú ìlà yẹn, ọkùnrin tó gba owó dẹfẹ́lọ́pà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ẹ ò mọ ohun tí ẹ gbé wá yìí."

Obìnrin náà pa ìwé dé. "Mo mọ̀ ọ́n. Orúkọ ìyá mi ni mo gbé wá."

Láti ọjọ́ yẹn, ìdí kìíní kò tún sọ pé àwọn nìkan ló nilé. Mo ti bá a pàdé níbòmíràn pé ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ilé ẹbí kì í jáde láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá ilé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá ọlá òbí rẹ̀ ló ti ń jáde, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ obìnrin, nítorí pé àwọn ni wọ́n máa ń fún ní ìwé owó tọ́jú. Kí ènìyàn tó béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin ilé, ó dáa kó béèrè ta ló ń gba owó ṣọ́ọ̀bù, ta ló sì kọ ìnáwó òkú sílẹ̀.

Òfin rọrùn lẹ́yìn ìyẹn. Ilé ẹjọ́ Èkó ti sọ ọ́ láti 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, pé dáwódù ń dípò bàbá gẹ́gẹ́ bí olórí ni, ilé kò di tirẹ̀ nìkan; ẹjọ́ náà kò sì yọ ọmọbìnrin sílẹ̀ nínú ẹ̀tọ́ ilé ẹbí. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika lọ́dún 1959 sọ pé bí ọmọ ẹbí kan tí kì í ṣe olórí bá ta ilé ẹbí, títà náà kò dúró rárá. Lórí pípín, Privy Council fara mọ́ ìdí-igi, kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba, lọ́dún 1962 nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìdí kẹrin, tí ọmọ wọn pọ̀ jù, fẹ́ orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba. Wọ́n jà fún un díẹ̀, àmọ́ ìwé owó ìyá yẹn ti fi hàn pé ìdí-igi ni ẹbí ti ń pín láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ó ku 1978. Ọkùnrin tó ń wá C of O kò gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Lóòótọ́ ni òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Ó sì lágbára débi pé wọ́n so ó mọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè, tí títún un ṣe fi di wàhálà títí dòní. Ṣùgbọ́n ìpín 34 rẹ̀ sọ pé ẹni tí ilẹ̀ ìgboro tí wọ́n ti kọ́ ilé sí wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí òfin tó dé, kó máa mú un lọ bíi pé gómìnà ló fún un. Ọwọ́ ta ló wà lọ́jọ́ yẹn? Ọwọ́ ẹbí. Lọ́dún 1990, ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni pé C of O tí wọ́n fún ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ kò lè sọ ọ́ di onílẹ̀. Nígbà tí ẹlẹgbẹ́ mi ka èyí, ọkùnrin náà bi wá bóyá owó tí òun ti san fún ìwé náà máa padà. Kò padà.

Wọn kò ta ilé. Àdéhùn tí wọ́n bá dẹfẹ́lọ́pà ṣe ni pé kó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ, kó máa gba owó ṣọ́ọ̀bù fún iye ọdún kan, kó sì dá gbogbo rẹ̀ padà fún ẹbí. Olórí ẹbí àti aṣojú ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fọwọ́ sí i, lábẹ́ ìyọ̀ǹda gómìnà, torí pé láìsí ìyọ̀ǹda yẹn irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ka owó tí ọkùnrin yẹn ti gba mọ́ ìpín ìdí kìíní, ohun tó dá ìjà mìíràn sílẹ̀ láàárín ìdí kìíní fúnra wọn. Wọ́n ń jà á lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ wa parí. Yàrá iwájú, níbi tí wọ́n sin dáwódù sí nínú ilé àtijọ́, wọn kò ní fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ìdí kìíní ló béèrè fún ìyẹn, kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn.

Ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ló kù. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìdí kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn àgbà ń pè wọ́n ní "àwọn ará ẹ̀yìn", wọ́n sì ń yí ohùn padà. Nígbà tí ó ku èmi àti olórí ẹbí nìkan ni bàbá náà tó sọ ọ́: ọmọ àrọ́tà ni wọ́n, ìran àwọn tí baba ńlá wọn rà. Èkó tí òyìnbó yìnbọn lù lọ́dún 1851 ní orúkọ òwò ẹrú, ẹrú inú ilé wà níbẹ̀ títí lẹ́yìn náà. Nígbà tí ìwé ilẹ̀ dé, wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀ láìní orúkọ nínú rẹ̀. Ìdíjú yẹn pọ̀ ní erékùṣù Èkó débi pé nínú àwọn òfin tí ìjọba ṣe lọ́dún 1947 láti tú ọ̀rọ̀ Crown Grant, ọ̀kan wà tó jẹ́ ti àrọ́tà nìkan.

Bí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tàbí Òkè Pópó, ẹ wádìí ilé ẹ̀yìn kí ẹ tó kọ àdéhùn, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Mo ti rí àdéhùn tí ẹbí fi ayọ̀ fọwọ́ sí tó fọ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó rántí àwọn tí ilé wọn máa kọ́kọ́ wó. Bí ènìyàn bá sì béèrè rẹ̀ lójú àwùjọ, ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu ẹnìkan kì í ṣeé kó padà.

Lọ́yà ìdí kejì fẹ́ kí a ṣàlàyé nínú àdéhùn bí wọ́n ṣe dé ilé náà, kí wọ́n má baà wá pe ara wọn ní ìdí karùn-ún lọ́la. Olórí ẹbí kọ̀. Orúkọ wọn ni a kọ, ẹnìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ wọn sí yàrá nínú ilé tuntun àti ìpín díẹ̀ nínú owó ṣọ́ọ̀bù, láìkọ ìtàn kankan mọ́ ọn. Ìpín náà kéré sí ohun tí èmi ì bá fún wọn, wọn kò sì ní ohùn nínú yíyan olórí ẹbí. Ìyá kan láàárín wọn bi mí kó tó tẹ ìka bóyá ìwé yìí máa dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a máa fi í sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí. Ó ní kí n ka orúkọ òun bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọ́n ti kọ ọ́ lódì. A tún un kọ, ó sì tẹ ìka.